Ilé Tí Wọ́n Fi Orúkọ Enahoro Pè

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán ní Uwasota tí àwọn ọlọ́kọ̀ á ti máa fọn fèrè pe èrò. Àdúgbò náà wà ní Ugbowo, apá ibi tí Yunifásítì ìlú Bìní àti ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ wà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Yàrá àyágbé, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ìyá alákàrà, àwọn oní-POS: gbogbo wọn ló fara kan ara wọn lójú títì. Èdè Ẹdó lèèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́, Píjìn á tẹ̀ lé e, kì í sì í pẹ́ tí Yorùbá àti Ìgbò á fi ta séèyàn létí.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí ní Nàìjíríà, ìpàdé kì í wọ́n níbẹ̀. Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ariwo pọ̀ tó, ẹnì kan lè nawọ́ sókè kó pariwo “Pọ́ìǹtì ọ́dà!”, gbogbo ilé á sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ òfin tó ní wọ́n ń rú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìpàdé àwọn onílé, ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ti ìjọ: ẹnì kan á dábàá, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn, alága á sì bi ilé léèrè bóyá wọ́n fara mọ́ ọn. Inú ilé aṣòfin ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Àwọn èèyàn sì ti fi ìlànà wọ̀nyí ja ìjà gidi ní orílẹ̀-èdè yìí, ìjà tó yí ọjọ́ òmìnira padà, tó da ìjọba rú, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Ìdí nìyí tí ìrìn àjò yìí fi kúrò ní Uwasota, tó forí lé ilé kan láàárín Bìní tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin tó mọ ìjà náà ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Ọkọ̀ á bọ́ sí títì ńlá tó ti ọ̀nà Èkó wọ ìlú, á sì kọrí sí Uselu. Uselu kì í ṣe ibùdókọ̀ lásán. Ibẹ̀ ni Edaiken, àrẹ̀mọ Ọba Bìní, ti ń gbé kó tó gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń gbéra nígbà tí àkókò bá tó. Ọ̀nà tí èèyàn gbà dé ipò, àwọn tó dúró tì í, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àti ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e: Bìní ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àṣerégèé. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ilé aṣòfin yóò rí i pé ìmọ̀ yẹn wúlò.

Ring Road ni àárín gbùngbùn ìlú. Ààfin Ọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà láàárín rẹ̀ gan-an, ère Emotan, obìnrin ọlọ́jà tó ran Ọba Ewuare lọ́wọ́, kò sì jìnnà síbẹ̀. Orúkọ Ọba Ovonramwen ni wọ́n fi sọ gbàgede náà, ọba tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì borí ní 1897, tí wọ́n sì gbé lọ sí Calabar. Níbẹ̀ náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ẹdó wà, Anthony Enahoro sì ni orúkọ tí wọ́n fi pe ọgbà rẹ̀.

Uromi, ní ilẹ̀ Esan, ni wọ́n ti bí Olóyè Enahoro lọ́jọ́ 22 oṣù Keje 1923. King’s College ní Èkó ló lọ. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó di olóòtú ìwé ìròyìn Southern Nigerian Defender, ìjọba amúnisìn sì jù ú sẹ́wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí ohun tó kọ àti ohun tó sọ. Lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ló fi wọ ilé aṣòfin. Bìní yìí náà ló kú sí, lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá 2010. Nínú gbogbo ọdún 87 tó lò láyé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń rántí rẹ̀: ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953.

Lọ́jọ́ náà, ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Èkó, ó dìde, ọmọ ọdún 29, ó sì dábàá pé kí ilé gbà á gẹ́gẹ́ bí àfojúsùn pàtàkì pé Nàìjíríà yóò máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Kì í ṣe àbá ìjọba. Àbá ọmọ ilé kan ni. Ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ wa ń kà nílé ẹ̀kọ́ sábà máa ń dúró síbẹ̀, pé Enahoro ló dábàá òmìnira, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọn kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbá náà. Ilé kò dìbò lé e lórí rárá.

Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ilé. Nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, àwọn tó pọ̀ jù pinnu pé kí mínísítà kankan má ṣe sọ̀rọ̀ tàbí kó dìbò lórí àbá náà. Lójú ẹni tí kò bá fura, ìpinnu ìṣàkóso lásán ni. Ṣùgbọ́n ìpinnu yẹn pa àwọn mínísítà Action Group mẹ́rin lẹ́nu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn kà sí pàtàkì jù lọ. Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, wà lára wọn, pẹ̀lú Bọ̀dé Thomas, Ládòkè Akíntọ́lá àti Arthur Prest. Wọ́n kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Sardauna ti Sókótó, Ahmadu Bello, dìde pẹ̀lú àtúnṣe. Kò ní kí wọ́n da àbá náà nù. Ohun tó fẹ́ ni pé kí wọ́n yọ “ní 1956” kúrò, kí wọ́n fi gbólóhùn kan rọ́pò rẹ̀ tó túmọ̀ sí pé ní kété tó bá ti lè ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, àmọ́ ìlànà ilé aṣòfin ló fún un lágbára: bí àtúnṣe bá ti wọlé, òun ni ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò lé lórí. Tó bá yege, àbá ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sí mọ́. Àbá tuntun ni yóò kù, àwọn tó gbé ti àkọ́kọ́ wá yóò sì máa wo ọmọ wọn tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà.

Iye ọmọ ilé sì ti sọ bí yóò ṣe rí. Lábẹ́ òfin Macpherson ti 1951, aṣòfin 136 ni wọ́n yàn wá sílé náà: 68 láti Àríwá, 34 láti Ìwọ̀-oòrùn, 34 láti Ìlà-oòrùn. Kò sí bí Ìwọ̀-oòrùn àti Ìlà-oòrùn ṣe lè para pọ̀ tí wọ́n á fi ju Àríwá nìkan lọ. Enahoro mọ èyí kó tó dìde. Ohun tó lè rí gbà ni pé kí orílẹ̀-èdè gbọ́ àríyànjiyàn náà, kí orúkọ gbogbo ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀ sì wọ ìwé ilé.

Èyí gan-an ni àbá kẹta fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé kan láti Àríwá dìde, ó dábàá pé kí ilé sún ìjókòó síwájú. Ẹni tó bá jókòó sínú gbọ̀ngàn aṣòfin rí yóò mọ bí àbá yìí ti lágbára tó. Ó máa ń já ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà nílẹ̀ gbà, wọ́n á sì dìbò lé e lórí kíákíá. Bó bá yege, ọ̀rọ̀ tí ilé ń sọ lọ́wọ́ á dúró níbi tó dé. Kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tó pàdánù, kò sí àkọsílẹ̀ ìbò fún ẹnikẹ́ni láti fi bi aṣojú rẹ̀ léèrè nígbà ìdìbò tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ Action Group àti ti ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, tí wọ́n ti ń bára wọn jà fún ọdún púpọ̀, dìde lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jọ jáde kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún Àríwá. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àròsọ. Ilé ẹ̀kọ́ kò tó ní apá ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì gbà pé bí òyìnbó bá lọ ní 1956, àwọn ará Gúúsù ni yóò gba gbogbo àga ìjọba. Lójú wọn, ìlànà ilé ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Ó dáàbò bo apá tí wọ́n fẹ́ fi ìkánjú fà lọ. Lójú àwọn tó jáde, ìlànà kan náà ti di odi tí ọ̀rọ̀ kò lè kọjá. Òtítọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tí ó yẹ kí ó ká wa lára ni pé ìgbà tí ilé kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ìta ló bọ́ sí. Èrò Èkó bú àwọn aṣòfin Àríwá lójú títì. Nígbà tí Akíntọ́lá mú ìpolongo Action Group lọ sí Kano ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, èèyàn 36 sì ló kú gẹ́gẹ́ bí iye tí ìjọba kéde. Sardauna ti sọ ọ́ nínú ilé tẹ́lẹ̀ pé àṣìṣe ọdún 1914 ti hàn síta, ìyẹn pípa tí wọ́n pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀.

Àpérò lórí òfin ìpilẹ̀ wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn kan náà, òfin àpapọ̀ tuntun sì dé ní 1954. Ìwọ̀-oòrùn àti Ìlà-oòrùn gba ìṣàkóso ara wọn ní 1957, Àríwá ní 1959. Àbá òmìnira tí Akíntọ́lá gbé wá ní oṣù Kẹta 1957 yege nínú ilé kan náà. Èyí tí Tafawa Balewa gbé wá ní oṣù Kìn-ín-ní 1960 ló wá ṣí ilẹ̀kùn sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá.

Ibo ni irú ìlànà báyìí ti wá? Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní Westminster ni orísun rẹ̀, ìwé Erskine May, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1844, sì ni àwọn akọ̀wé ilé fi ń ṣe atọ́nà. Sir Frederic Metcalfe, tó ti jẹ́ Akọ̀wé Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì títí di 1954, ni wọ́n mú wá sí Èkó láti jẹ́ Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin wa láti 1955 títí fi di àsìkò òmìnira, kí Jaja Wachuku tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò bá gbogbo ìlànà yìí láyé. Ní 1881, àwọn ọmọ ilé láti Ireland sọ̀rọ̀ títí, wọn kò jẹ́ kí wọ́n parí àríyànjiyàn, ìjókòó kan sì gba wákàtí 41 kí Olórí Ilé tó fi agbára ara rẹ̀ pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí ilé lè dìbò láti parí àríyànjiyàn. Ìjà ló bí òfin, ẹni tó bá sì wà nílé lọ́jọ́ ìjà ló ń kọ ọ́.

Ní 1963, Westminster yẹn gan-an jíròrò lórí Enahoro fúnra rẹ̀. Ó ti sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Awólọ́wọ̀, olórí Action Group, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin 1881 lórí àwọn tó sá fún ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ fi dá a padà, Mínísítà Henry Brooke sì fọwọ́ sí i. Àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹ́ kí wọ́n dá a padà gbé ọ̀rọ̀ náà wá sórí ilẹ̀ ilé léraléra, pẹ̀lú ìbéèrè àti àbá. Ìyẹn fún un ní oṣù díẹ̀ sí i. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n dá a padà, ó sì di ẹlẹ́wọ̀n títí di 1966. Ọkùnrin tí àbá sísún ìjókòó síwájú gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó ló wá rí bí ọ̀rọ̀ nínú ilé ẹlòmíràn ṣe fún un ní oṣù díẹ̀ sí i lókè òkun.

Láàárín ìgbà méjèèjì, ilé aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn ti fi hàn gbangba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìlànà bá já. Ní oṣù Karùn-ún 1962, Ọba Adérẹ̀mí, tó ti di Gómìnà Ìwọ̀-oòrùn, yọ Akíntọ́lá nípò Olórí Ìjọba, nítorí lẹ́tà tí èyí tó ju ìdajì ọmọ ilé lọ fọwọ́ sí. Akíntọ́lá ní ilẹ̀ ilé nìkan ni wọ́n ti lè dìbò yọ òun, pé lẹ́tà kì í ṣe ìbò. Nígbà tí ilé jókòó lọ́jọ́ 25, àga ń fò, wọ́n fọ́ ọ̀pá àṣẹ, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ilé aṣòfin àpapọ̀ fi kéde ìjọba pàjáwìrì. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà gbà fún Akíntọ́lá. Ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní 1963 pé gómìnà kò ṣẹ̀. Ìdáhùn méjì tó tako ara wọn sí ìbéèrè ìlànà kan ṣoṣo: níbo gan-an ni ilé ti ń sọ̀rọ̀? Ọdún kan náà, lẹ́yìn ìdìbò oṣù Keje, ni wọ́n gé Mid-West kúrò lára Ìwọ̀-oòrùn, Bìní sì di olú ìlú.

Ẹni tó bá dúró sí Ring Road lè fi ojú kan wo ilé aṣòfin, kó fi èkejì wo ààfin. Bìní ti ní ìlànà àríyànjiyàn tirẹ̀ tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Iyase, olórí àwọn ìjòyè ìlú, ni àṣà fún ní ẹ̀tọ́ láti tako Ọba ní gbangba. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bínú ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ibi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀yọ́ ṣe fi agbára sọ́wọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì lábẹ́ Baṣọ̀run. Kò sí ìlú kan tó jẹ́ kí gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ọgbà Enahoro gan-an ni ìjà tó sún mọ́ wa jù ti wáyé. Àga 24 ló wà nínú ilé yẹn. Lẹ́yìn ìdìbò 2019, ẹgbẹ́ APC ló ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ti pín sí méjì láàárín àwọn tó wà lẹ́yìn Gómìnà Godwin Obaseki àti àwọn tó wà lẹ́yìn Adams Oshiomhole, tó jẹ gómìnà ṣáájú rẹ̀. Abala 105 nínú òfin ìpilẹ̀ 1999 sọ pé gómìnà ló ń kéde ọjọ́ tí ilé tuntun yóò kọ́kọ́ jókòó. Obaseki kọ lẹ́tà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, àwọn aṣòfin mẹ́sàn-án péjọ, wọ́n búra fún wọn, wọ́n sì fi Frank Okiye ṣe Abẹnugan, ìyẹn olórí ilé. Àwọn yòókù ní kò sẹ́ni tó pe àwọn.

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlélógún! Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n abala 96 sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni iye tó gbọ́dọ̀ péjú kí ilé tó lè ṣiṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti 24 jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n fi ẹnì kan lé. Àwọn tó ṣètò alẹ́ ọjọ́ náà ka òfin dáadáa.

Àwọn ilé méjèèjì ní Abuja ní kí gómìnà kéde ìjókòó tuntun. Kò ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Abẹnugan kéde pé àga 14 ti ṣófo, nítorí pé àwọn tó ni wọ́n kò wá sí ìjókòó. Òfin tí wọ́n fi mú wọn ni èyí tó ní kí aṣòfin tó bá pa ìjókòó jẹ ju bó ti yẹ lọ láìsí ìdí gidi pàdánù àga rẹ̀. Àwọn kan lára wọn ní báwo ni wọ́n ṣe máa jókòó nínú ilé tí wọn kò tíì búra fún àwọn? Ní oṣù Kẹjọ 2020, bí ìdìbò gómìnà ti ń sún mọ́lé, aṣòfin 17 péjọ síbòmíràn, wọ́n sì yan Victor Edoror ní Abẹnugan. Lásìkò kan náà, òrùlé ilé aṣòfin ti ń ṣí, wọ́n ti da iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba ní àtúnṣe ilé ni. Àwọn alátakò ní kí àwọn má bàa ráyè wọlé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó rọrùn gbé mì. Àwọn tó ń gbé ní àwọn àdúgbò 14 yẹn to lórí ìlà, wọ́n tẹ̀ka, wọ́n ka ìbò, wọ́n yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Kò sí òfin tó sọ pé kí a pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Òfin kan sọ iye tó gbọ́dọ̀ péjú, òmíràn sọ ẹni tó ń kéde ọjọ́, ẹ̀kẹta sọ ohun tó ń jẹ́ kí àga ṣófo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára. Wọ́n so wọ́n pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì di ẹni tí kò ní ohùn nínú ilé tó ń jẹ́ orúkọ Enahoro.

Ọgbọ́n yẹn kò ṣàjèjì ní Abuja. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹfà 2015, àwọn ọmọ ilé aṣòfin àgbà 51 láti APC wà ní gbọ̀ngàn àpérò kan, wọ́n ń retí ìpàdé pẹ̀lú Ààrẹ Buhari. Ní ilé aṣòfin fúnra rẹ̀, Akọ̀wé Ilé ka iye àwọn tó wà níbẹ̀: 57 nínú àga 109. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ 37. Wọ́n dárúkọ Bukola Saraki, kò sí ẹni tó dárúkọ ẹlòmíràn, ó sì di ààrẹ ilé láìsí alátakò. Àwọn 51 yẹn kò pàdánù ìbò kankan, nítorí wọn kò sí níbi tí wọ́n ti dì í.

Bí ilé ṣe ń ka ìbò náà ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ohùn ni wọ́n sábà ń lò: Olórí Ilé á ní kí àwọn tó gbà sọ pé àwọn gbà, kí àwọn tó kọ̀ sọ pé àwọn kọ̀, á wá fi òòlù lu tábìlì lórí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Kò sí orúkọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 2021, nígbà tí ilé aṣòfin àgbà ń jíròrò bóyá kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, máa fi ẹ̀rọ ayélujára gbé èsì ìbò ránṣẹ́, Enyinnaya Abaribe, olórí àwọn aṣòfin tó kéré níye, kò gba èsì ohùn. Ó béèrè pé kí wọ́n pe orúkọ aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbò 52 ló fara mọ́ àtúnṣe tó ní kí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, àti ilé aṣòfin kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, 28 kọ̀ ọ́, àwọn 28 mìíràn kò sì sí nílé. Láàárín wákàtí díẹ̀, orúkọ gbogbo wọn ti wà lójú ìwé ìròyìn, aráàlú sì ń bi aṣojú wọn léèrè. Òfin ìdìbò tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kejì 2022 kò gbé ìyọ̀ǹda NCC yẹn dání mọ́. Ẹnu ni aráàlú fi jà á, àmọ́ ìbò tí orúkọ wà lára rẹ̀ ló fún wọn ní ohun tí wọ́n fi jà.

Fi ìyẹn wé ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 2025, nígbà tí ilé méjèèjì fọwọ́ sí ìjọba pàjáwìrì tí Ààrẹ Tinubu kéde ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ gbà: 73 nínú 109, 240 nínú 360. Ohùn ni wọ́n fi dìbò. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò béèrè bí etí èèyàn kan ṣe lè ka ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ tó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìbò tí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ara rẹ̀ tì lẹ́yìn.

Ohun kan ṣì wà nínú òfin ìpilẹ̀ 1999 tí àlejò tó bá jókòó sí àga aráàlú nínú ilé aṣòfin lè máa rò. Abala 55 fàyè gba Hausa, Ìgbò àti Yorùbá ní Abuja, bí ètò tó péye bá wà. Abala 97 fún ilé ìpínlẹ̀ lómìnira ju ìyẹn lọ: ó lè fi èdè èyíkéyìí tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé bá ti pinnu bẹ́ẹ̀. Ilé aṣòfin Èkó ti fi Yorùbá jókòó lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó sì gbọ́ ọ mọ bí àríyànjiyàn ṣe ń gbóná sí i nígbà tí aṣòfin bá ń pa òwe tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni aráàlú náà lè dá ẹni tó ń sọ òótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Bìní ní Ẹdó, Esan wà ní Uromi, Etsako àti àwọn èdè mìíràn wà ní apá àríwá ìpínlẹ̀ náà. Obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Ọba, tó sún mọ́ ilé náà débi pé ó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń jíròrò owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí òfin ń béèrè ju ìpinnu ilé lọ. Ọmọ ilé kan á dábàá, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn, wọ́n á jíròrò rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa ní kí ilé sún ìjókòó síwájú kí wọ́n tó dìbò. Tí gbogbo àwọn 24 bá péjú, tí wọ́n sì dìbò, ìbò 13 ti tó.